Àlàfo Tó Wà Lẹ́yìn M

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín kú ni kọ̀mpútà àtijọ́ náà tẹ̀ lé e. Kò ké, kò rú èéfín. Ìyá Oníbàtà, opó ẹni náà, tàn án ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀rọ náà mí gbùùù bí arúgbó tó fẹ́ dìde lórí àga, ó sì padà jókòó. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ó mú àkísà tó fi ń nu awọ, ó nu ojú ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, ó sì fi aṣọ bò ó. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ti iwájú ní àga méjì àti dígí kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ nìkan ni ènìyàn ń rí nínú rẹ̀. Ti ẹ̀yìn ni iṣẹ́ ti ń lọ: maṣíìnì tó ń rán awọ, tábìlì tí ọ̀bẹ ti ha lára káàkiri, àti pẹpẹ tí ẹsẹ̀ onígi, èyí tí wọ́n fi ń mọ bàtà, tò sí ní méjìméjì láti ilẹ̀ dé àjà. Bàtà àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹni tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gun ara wọn. Ọkọ a gé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, a gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè. Ìyàwó a rán awọ òkè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ lo ni ẹwà," ni ọkọ máa ń wí, "èmi ni mo ni ìpìlẹ̀."

Ìyàwó a ní, "Ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Máa yangàn lọ."

Gbogbo ẹsẹ̀ tó ti gba ọwọ́ wọn kọjá ló wà nínú kọ̀mpútà náà. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ kan, tí wọ́n jọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n, ló ṣe sọ́fúwíà rẹ̀ fún un ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí ojú kọ̀mpútà ṣì dúdú, tí lẹ́tà rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé tirẹ̀: orúkọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, nọ́ńbà ẹsẹ̀ onígi rẹ̀ lórí pẹpẹ, iye tí ẹsẹ̀ kan fi gùn ju èkejì lọ, àti ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìrántí. Ìlà náà kò gbà ju ogún lẹ́tà lọ. Ogún lẹ́tà sì tó ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi kọ̀mpútà tuntun ránṣẹ́ sí i, èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ bí àwo. Ọmọbìnrin kan tó ń tún kọ̀mpútà ṣe ní òpópónà kejì ló wá wo ọ̀ràn náà. Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, kì í sì jókòó kó tó tú ohun tó bá wá tú.

"Mà, ara rẹ̀ ló kú, ọpọlọ rẹ̀ ò kú," ni ó wí, ó sì gbé irin pẹlẹbẹ kan tó yọ nínú ẹ̀rọ àtijọ́ náà sókè. "Gbogbo ohun tí Bàbá kọ wà nínú ibí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni sọ́fúwíà yẹn. Ó fi ọdún kan ṣe ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé àgbà ti wá di wàhálà?"

"Kọ̀mpútà tuntun ò gbọ́ èdè rẹ̀ ni, mà. Ó dà bí ìgbà téèyàn mú bàbá àgbà lọ sílé tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tí mo máa ṣe ni pé màá kọ́ yàrá kékeré kan fún un nínú tuntun yìí. Màá to yàrá náà kó rí bí ilé rẹ̀ àtijọ́ gẹ́lẹ́. Tó bá jí, kò ní mọ̀ pé òun ti kó kúrò."

"Irọ́ lo fẹ́ pa fún un nìyẹn."

"Irọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni, mà."

Ó fi ọ̀sán ọjọ́ kan àti àárọ̀ ọjọ́ kejì kọ́ yàrá náà. Ìyá Oníbàtà wà nídìí maṣíìnì rẹ̀, ó ń rán etí bàtà kan, nígbà tó gbọ́ tí ọmọbìnrin náà pòṣé.

"Ó ti jí, mà. Àmọ́ orí rẹ̀ ò tíì pé."

"Báwo?"

"Àwọn àmì kan há sáàárín ọ̀rọ̀. Àmì owó òkèèrè, f tó ní ìrù, ihò níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Nọ́ńbà gbogbo pé, lẹ́tà ló ń ṣe ségesège. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbá a mọ́."

"Gbá a mọ́, ọmọ mi," ni ó wí, kò gbójú sókè. Okùn ti dé òpin lára bàtà náà. Ó tẹ orí ba, ó sì fi eyín gé e.

Nígbà tí ó wá wò ó lọ́jọ́ kejì, ó mọ́ lóòótọ́. Ojú dúdú, lẹ́tà àwọ̀ ewé, àwọn orúkọ tó lé ní irinwó ń yí lọ bí omi. Ẹnjiníà nàka sí ọ̀kan, ó sì kà á sókè. "Ese osi, méjìlélógún. Ẹ̀ṣẹ̀ òṣì. Mà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn lẹ ń wọ̀n níbí?"

"Ẹsẹ̀ òsì ni, ìwọ ọmọ yìí."

"Mo ti ń bẹ̀rù pé tèmi náà á wà ńbẹ̀."

Ìyá Oníbàtà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́ ju bí ọ̀rọ̀ náà ti tó lọ, nítorí ó ti pẹ́ tó ti rín in gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó sọ pé ká ní ọkọ òun wà níbẹ̀ ni, inú rẹ̀ ì bá bàjẹ́. Kì í kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i lórí. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, bàtà tí kò ní okùn ni: ènìyàn lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, àmọ́ kò ní bá a rìn jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n kan náà ni òun pẹ̀lú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn kò ràn mọ́ òun. "Ma" kan ṣoṣo ni òun fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ìgbà kan wà tí òun tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí oníbàárà kan pé *E ma wa lola*. Òun ní kí ó máa wá. Oníbàárà jókòó sílé, ó rò pé wọ́n ní kí òun má wá. Ọjọ́ méjì ni ọkọ òun fi rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà, tó sì ń dá a sọ fún ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́.

"Àmì ló há sí i lọ́rùn nígbà tó jí," ni Ẹnjiníà wí. "Èyí tó mọ́ yìí dára jù. Kò sẹ́ni tí kò ní í lóye."

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Tísà wọlé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti kúrú ju ọ̀tún lọ láti kékeré. Ọkọ Ìyá Oníbàtà ti ṣe bàtà mẹ́fà fún un láàárín ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ń rìn bí ọkọ̀ ojú omi tó gba ìgbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó, ẹ kú ìrọ́jú," ni ó wí, ó sì jókòó wọ̀ọ̀. "Ẹ wo ohun tójú mi rí." Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ìdí rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ti tú kúrò, tí wọ́n sì fi táyà pẹlẹbẹ rọ́pò wọn. "Ìgbà tí ẹ tilẹ̀kùn fún ọ̀fọ̀ ni ìdí rẹ̀ ṣí. Mo gbé e lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ó wọn méjèèjì mọ́ra, ó ní ọ̀kan ga ju èkejì, ó gé e kó dọ́gba. Mo ní ẹsẹ̀ mi ni kò dọ́gba. Ó ní kí n lọ gbàdúrà."

"Ṣé ẹ gbà á?"

"Mo gbà á, ìyàwó. Ẹ̀yìn mi ló ń dáhùn."

Ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Ní ọjọ́ Ẹtì yóò kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ọ̀nà jíjìn, kò sì ní padà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni kí ó máa sin àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì lọ sí ilé-ìwé, kí ó sì máa mú wọn bọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi rìn ín, ogún ìṣẹ́jú ní àlọ, ogún ní àbọ̀. "Tí mi ò bá lè rìn ín," ni ó wí, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú dígí, "á jẹ́ pé mo kàn lọ jókòó sí pálọ̀ wọn láti máa wo ògiri ni. Ẹ bá mi ṣe ọ̀kan tó máa gbé mi."

Ìyá Oníbàtà bi í léèrè iye tí ọkọ òun máa ń fi gbé e sókè. Tísà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè iye eegun tó wà lára rẹ̀. "Ọkọ yín ló mọ̀ ọ́n. Èmi kàn ń wọ̀ ọ́ ni."

Ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ó ní kí ó dúró láìwọ bàtà, ó ń ki pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì títí tí eegun ìbàdí méjèèjì fi wà ní ìlà kan náà. Mílímítà méjìlélógún. Ó lọ ṣí kọ̀mpútà. Méjìlélógún náà ló wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, lórí ìlà ọ̀rọ̀ ìrántí: *Ma di i tan.*

Máa dí i tán. Àlàfo méjìlélógún, kí ó dí i tán pátápátá, kí ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà bá ojú mu. Ó gé kọ́ọ̀kì, èèpo igi tó fúyẹ́ náà, ní ìpele ìpele, ó tò wọ́n títí wọ́n fi pé méjìlélógún, ó fi ìṣó kéékèèké kàn wọ́n mọ́ bàtà, nítorí kì í fi gúlù sí i títí tí oníbàárà á fi wọ̀ ọ́ wò. Gúlù náà máa ń fẹ́ odidi ọjọ́ kan kó tó gbẹ. Tó bá sì ti gbẹ, kò sí àtúnṣe mọ́ àfi kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ dànù, awọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò sì sí nílẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú Tísà wọ̀ ọ́. Ó dìde, ó sì dúró ṣánṣán bí òpó. Èjìká rẹ̀ kò tẹ̀ síbì kankan. Ìyá Oníbàtà, tó jẹ́ pé awọ òkè nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wo ìpìlẹ̀ tí òun nìkan ṣe, inú rẹ̀ sì dùn.

Tísà rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. "Ó dára," ni ó wí. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. "Ó dára." Nígbà kẹta ó ní, "Ó dára púpọ̀," ó sì fi ọwọ́ ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ara rẹ̀ láìmọ̀.

"Tísà, ẹni tí bàtà dára fún kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dọ́gba, ìyàwó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì dọ́gba báyìí rí. Bóyá ìdọ́gba ọ̀hún ló ń dùn mí."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Ìyá Oníbàtà fọwọ́ kan gúlù. Ó lè jẹ́ pé táyà tó fi rìn fún oṣù márùn-ún ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdọ́gba ni oògùn rẹ̀, kí ó fara dà á fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ ọkùnrin náà sọ pé òun kò tíì dọ́gba rí. Bàtà mẹ́fà ni ọkọ òun ṣe fún un, ọkọ òun kì í sì í ṣe ẹni tí kò mọ ìwọ̀n. Ó ní kí Tísà padà wá ní aago mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró níwájú kọ̀mpútà, ó ń wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà. *Ma di i tan.* Ó kà á ní ọ̀nà kan, ó kà á ní ọ̀nà kejì. Ọ̀nà méjèèjì ló jọ ohùn ọkọ rẹ̀.

Ó wá rántí ohun kan. Ó ká aṣọ kúrò lórí kọ̀mpútà àtijọ́, ó gbé kíbọọ̀dù rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ dé. Páálí kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gé lára páálí bàtà, tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ mọ́ ọn. Ọdọọdún ni ó ń nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò kà á rí. Lẹ́tà ọkọ rẹ̀ ni, kékeré, tó dúró gangan.

Ó pe Ẹnjiníà lórí fóònù. "Ọmọ mi, àwọn àmì tí o gbá dànù yẹn. Níbo lo dà wọ́n sí?"

"Mi ò dà wọ́n síbì kankan, mà. A kì í fọwọ́ kan ohun olóhun láìṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kí ló dé?"

"Máa bọ̀," ni ó wí, ó sì fa a náà gùn dáadáa.

*

Ẹnjiníà ka páálí náà lórí ìdúró, bírò kan ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Lẹ́tà olóhùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: á, 160, à, 133, í, 161, è, 138. "Mà, Bàbá mọ èyí? Bí wọ́n ṣe ń mú àmì jáde lórí ẹ̀rọ tí kò ní bọ́tìnnì rẹ̀ nìyí. Èèyàn á di bọ́tìnnì kan mú, á fi ọwọ́ kejì tẹ nọ́ńbà, lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa fún un. Ó ń ṣe èyí fún gbogbo ọ̀rọ̀?"

"Gbogbo ọ̀rọ̀."

Nísàlẹ̀ páálí náà ni ọkùnrin náà ti kọ àwọn òfin ara rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní àmì ìsàlẹ̀, nítorí náà: *Esè gba 138 kan. Èsè gba méjì.* Ẹnjiníà kà á, ó rò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ gba ọ̀kan, ẹ̀ṣẹ̀ gba méjì. Òun náà ti ro ọ̀rọ̀ yẹn kí wọ́n tó bí mi."

Òfin tó kẹ́yìn ni Ìyá Oníbàtà fi ìka sí. *Má: 160. Mâ: 131, bí mã ti ilé-ìwé.* Ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n, a kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wọn láti fi kọ máa, pẹ̀lú àmì tó wọ́ bí ejò lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní ejò. Ọkọ rẹ̀ fi fìlà rọ́pò rẹ̀.

"O gbá méjèèjì di a kan náà," ni ó wí. Kò sọ ọ́ bí ẹ̀sùn. "Èmi ni mo ní kí o gbá a."

Ẹnjiníà ti jókòó. Ó ṣí ẹ̀dà tí kò tíì gbá. Ọ̀rọ̀ Tísà yọ sójú ẹ̀rọ bí eyín tí kòkòrò ti jẹ: m kan, ihò, d, àmì ìyanu kan tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, i, t, ihò, n.

"Tuntun yìí ò mọ nọ́ńbà Bàbá," ni Ẹnjiníà wí jẹ́ẹ́. "Ohun tó bá jẹ́ 161, àmì ìyanu yìí ló ń pè é. 160, ó ní àlàfo ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"131 ńkọ́?"

"F tó ní ìrù. Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀kan." Ó yí àwọn ojú-ewé lọ títí tó fi kan obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú. *Mâ fi àyè sí i* ni yóò jẹ́. F oníìrù ló wà lẹ́yìn m níbẹ̀, ó tẹ̀ bí ìwọ̀. Wọ́n padà sí ti Tísà. Kò sí ìrù, kò sí ìwọ̀. Lẹ́yìn m, àlàfo.

"Má," ni Ìyá Oníbàtà wí.

Má dí i tán. Ó gbọ́ ọ bí ọkùnrin náà ṣe máa ń sọ ọ́, lókè, ní kúkúrú, láìgbójú kúrò lára ọ̀bẹ. Má fi eyín gé okùn. Má gbé tíì sí ẹ̀gbẹ́ gúlù. Oṣù méje ni ó ti ń wá ohùn náà kiri nínú ilé, nínú aṣọ rẹ̀, nínú fóònù tí kò gba ohùn kankan sílẹ̀. Ibi tí ó ti bá a ni ihò kan tí kò fẹ̀ tó orí abẹ́rẹ́.

Ẹnjiníà ń wo kíbọọ̀dù, kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Mà, kò sí ohun tó há sí i lọ́rùn. Èmi ni mo to yàrá rẹ̀ tí mo gbàgbé ìwé rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

*

Ní aago mẹ́rin Tísà tún dìde lórí méjìlélógún. Ìyá Oníbàtà kò wo èjìká rẹ̀ mọ́; ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń wò. Ó yọ ìpele kọ́ọ̀kì kan, ó ní kí ó rìn. Ọwọ́ lọ sẹ́yìn. Ó yọ òmíràn. Ọwọ́ náà gbéra, ó dúró lágbedeméjì bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ mú. Tísà ti ń fì díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan ti ń rẹlẹ̀, ojú ẹni tó bá fẹ́ ìdọ́gba kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ó yọ ìpele kẹta, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tísà rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rí Ẹnjiníà tó tẹ̀ mọ́ kọ̀mpútà, ó sì bi í léèrè ilé-ìwé tó lọ. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ní àwọn yẹn kò mọ ìṣirò rí, ó padà, ó tún lọ, ó ń bá a jiyàn lórí ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níwájú, wọ́n ń ṣàlàyé.

"Tísà, ẹ dúró."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ bọ́ ọ kí n lẹ̀ ẹ́."

Nígbà tó ń bọ́ ọ, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú dígí ìsàlẹ̀. "Kò dọ́gba mọ́, àbí?"

"Kò dọ́gba. Ó ku méje. Ọkọ mi ní kí a fi í sílẹ̀ fún yín."

Tísà ro ọ̀rọ̀ náà. "Olóòótọ́ ènìyàn ni," ni ó wí. "Ó mọ̀ pé mo ti mọ́ ọn lára."

Ó wá gbé bàtà náà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò sọ pé ó dára. Ó san owó, ó kí wọn, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ pẹ̀lú ìfì rẹ̀ kékeré náà. Kò bojú wẹ̀yìn, nítorí ó ti rí ẹnì kan níwájú tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà ti parí yàrá. Ó ti fi ìwé bàbá àgbà sí i, gbogbo àmì sì ti padà sórí lẹ́tà wọn, fìlà ń jẹ́ fìlà. Kọ̀mpútà tuntun náà kò ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀, nítorí náà ó wá orí wáyà kékeré kan tó so kíbọọ̀dù àtijọ́ mọ́ ọn. Ìyá Oníbàtà jókòó sídìí rẹ̀. Ó ṣí ojú-ewé Tísà. *Má dí i tán* wà níbẹ̀, ó pé. Ogún lẹ́tà ni ìlà náà gbà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ àti àwọn àlàfo rẹ̀, mẹ́sàn-án ló kù.

Ó dojú kíbọọ̀dù dé láti wo páálí, ó tún yí i padà. Ó tẹ *7 ló kù*. Lẹ́tà náà jáde ní pẹlẹbẹ, láìní àmì: *7 lo ku*. Ó pa á rẹ́. Ó tẹ 7 àti l, ó di bọ́tìnnì mú, ó fi ìka kan tẹ 162. Ó jáde. Ó wá nọ́ńbà kejì, ó tẹ k, ó tún di bọ́tìnnì mú, ó tẹ 151. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ó gbà á. Ẹni tó ń rán bàtà kan tán ní ọ̀sán kan kò rí ìṣẹ́jú mẹ́ta bí nǹkan.

Lẹ́yìn náà ó padà sídìí maṣíìnì. Bàtà obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú ló kàn. Ó fi àyè sí i. Nígbà tí okùn dé òpin, ó tẹ orí ba, ó dúró díẹ̀, ó sì na ọwọ́ mú sísọ́ọ̀sì.